Yanmar 2GM20 àbí Perkins 4.108? Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù

Bí òtútù bá ti ń kógbá wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọdún Àjíǹde ń kanlẹ̀kùn, ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa ń ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé sórí ilẹ̀ láti ìgbà ìwọ́wé. Ẹni tí ọkọ̀ bá ti sú, ìgbà yẹn náà ló máa ń gbé e sínú ìpolówó. Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Kent, Essex tàbí etí odò Thames, tí ẹ ti ń fojú sí ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ ó máa fi gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24 sí 32, tí wọ́n kàn láàárín ọdún 1970 sí 1990, kì í wọ́n. Nígbà mìíràn, owó ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀ kò tó owó ẹ́ńjìnnì tuntun tí èèyàn máa gbé sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ́ńjìnnì lẹ ń rà, ọkọ̀ kàn bá a wá ni.

Oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì dísù ló wà nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, àmọ́ méjì kan wà tí kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá wọn pàdé: Yanmar 2GM20, ọmọ Japan, àti Perkins 4.108, ọmọ Peterborough níbí. Orúkọ Perkins kò ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà. Jẹnẹrétọ̀ Perkins ń bú ramúramù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì Perkins ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ katakata Massey Ferguson.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ní ti agbára. 2GM20 ní sílíńdà 2, ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ 636 cc, agbára ẹṣin 18 ló sì ń mú wá nígbà tó bá ń yí nígbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwúwo rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílógíráàmù 100. Perkins ní sílíńdà 4, 1,760 cc, agbára rẹ̀ ń lọ sí ẹṣin 50, ó sì wúwo tó Yanmar méjì, ó tún lé. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ onígbòkun lẹ ó ti sábà bá 2GM20, tí Perkins á sì wà nínú ọkọ̀ tó sanra, tó ní yàrá àti ibi ìdáná. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 8 tó jẹ́ pé 2GM20 ló ń tì í, ìṣòro ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìdérí wò: lọ́jọ́ tí ìṣàn omi bá kọjú sí i, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò máa lò láìsinmi.

Omi wo ló ń kan irin?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ kò ní ráditọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí bíi ti mọ́tò. Omi tó gbé ọkọ̀ náà ló fi ń tu ara rẹ̀. Nínú 2GM20 lásán, omi òkun gan-an ló ń wọ inú bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ara irin ẹ́ńjìnnì, tó ń yí sílíńdà ká, tó sì ń bá èéfín jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ọdún lórí ọdún ni iyọ̀ fi ń jẹ irin náà. Bí omi iyọ̀ bá sì gbóná jù, iyọ̀ á dì mọ́ ojú ọ̀nà omi, ìdí nìyẹn tí tẹmosítáàtì rẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí bí omi bá gbóná, fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní 42°C, tó sì máa ń ṣí tán ní 52°C. Ìwọ̀n yẹn tutù fún dísù. Epo kì í jó tán dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì tutù, ìdọ̀tí dúdú á sì máa kó jọ sí sàlẹ́ńsà.

2GM20F yàtọ̀. Lẹ́tà F yẹn ni kí ẹ máa wá lára àwo orúkọ ẹ́ńjìnnì, ẹ má gba tẹnu olùtà nìkan. Omi tí wọ́n po mọ́ antifreeze, oògùn tí kì í jẹ́ kí omi di yìnyín, ló ń yí inú bulọ́ọ̀kù tirẹ̀ ká, heat exchanger nìkan, ìyẹn ibi tí omi òkun ti ń gba ooru lára omi inú ẹ́ńjìnnì láìpò mọ́ ọn, ni omi òkun ń gbà kọjá. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ Perkins 4.108 inú ọkọ̀ ṣe rí, heat exchanger tí Bowman ṣe ní Birmingham ló sì wà lórí púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú rọ́bà dúdú tó dé e ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ẹ ní kí olùtà tú kílíìpù rọ́bà kan, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀ bí afárá oyin. Bí ẹ bá rí ègé rọ́bà dúdú tó há sí ẹnu wọn, abẹ̀bẹ̀ rọ́bà inú pọ́ǹpù omi, èyí tí wọ́n ń pè ní impeller, ti já nígbà kan rí, ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ kò sì wá àwọn ègé tó já náà.

Lórí 2GM20 tó ń mu omi òkun, sìnkì ni kí ẹ béèrè. Bóòtù kan wà lára bulọ́ọ̀kù tí sìnkì so mọ́ nísàlẹ̀, iṣẹ́ sìnkì yẹn ni pé kí iyọ̀ jẹ ẹ́ dípò irin. Kò sí ẹni tó ń rí i láti ìta, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ orí bóòtù náà. Bí ọ̀dà ẹ́ńjìnnì bá ṣì bò ó mọ́lẹ̀ yíká láìsí ojú sípánà kankan lára rẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tú u, ohun yòówù kí ìwé sáfíìsì sọ.

Ẹ béèrè ohun tí olùtà ṣe nígbà òtútù pẹ̀lú. Omi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú bulọ́ọ̀kù lè di yìnyín ní oṣù Kìíní, yìnyín sì máa ń la irin.

Sáfíìsì ìbẹ̀rẹ̀ sáà

Ẹ́ńjìn ọ́ìlì kọ́kọ́. Nǹkan bíi lítà 2 ni 2GM20 ń mu, Perkins ń mu bíi lítà 4. Ọwọ́ kì í sábà dé ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ tan án kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á wá ti ọ̀pá pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ bọ ihò tí wọ́n ti ń wọn ọ́ìlì, wọ́n á sì fà á jáde. 15W-40 lásán dára fún ọjọ́ orí àwọn méjèèjì. Ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ á ti pààrọ̀ rẹ̀ kí òtútù tó dé, torí ásíìdì inú ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ kò yẹ kó sùn mọ́ bẹ́ríìnì fún oṣù márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ fílítà dísù, Perkins ló borí. Lórí púpọ̀ nínú wọn, CAV 296 ni wọ́n ń lò, òun náà ni ti katakata, kò wọ́n, kò sì ṣòro rí. Àmọ́ bí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ gbọ́dọ̀ yọ afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà epo kúrò, ibẹ̀ ni Perkins ti ń gba àkókò: ẹ ó tú sikúrúù orí fílítà, ẹ ó máa fi ọwọ́ tẹ apá kékeré ara pọ́ǹpù epo títí dísù tó ní afẹ́fẹ́ nínú yóò fi di dísù tó mọ́ gaara, ẹ ó dì í, ẹ ó bọ́ sí sikúrúù méjì ara pọ́ǹpù nọ́sù, èyí tó ń ti dísù lọ sí àwọn nọ́sù tó ń fọ́n ọn sínú sílíńdà, kí ẹ tó wá tú náọ̀tì ẹnu nọ́sù. Ọ̀nà epo Yanmar kúrú, sílíńdà rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré, kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ife fílítà àkọ́kọ́ dáadáa. Dísù ojú ọ̀nà níbí lè ní biodiesel tó 7% nínú, ó máa ń fa omi mọ́ra, kòkòrò sì ń hù níbi tí omi àti dísù ti pàdé. Ìdọ̀tí dúdú tó ń yọ̀ nísàlẹ̀ ife yẹn túmọ̀ sí pé táǹkì ń fẹ́ fífọ̀, owó rẹ̀ á sì ju ti fílítà lọ fíìfíì.

Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo orí fáàfù: mílímítà 0.20 fún Yanmar, 0.30 fún Perkins, kí ẹ́ńjìnnì tutù. Bẹ́líìtì àti bátìrì, ẹ ti mọ ìyẹn.

Impeller ni kí ẹ tún fojú sí, pàápàá bí ọwọ́ ṣe lè débẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ti Yanmar wà, ó há débi pé ọ̀pọ̀ ń tú odindi pọ́ǹpù kúrò kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rọ́bà kan ṣoṣo. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣòro báyẹn máa ń sún un síwájú di ọdún tó ń bọ̀.

Àìsàn ìdílé wọn

Ti Yanmar wà níbi ìgbọ̀nwọ́ sàlẹ́ńsà, níbi tí omi òkun ti ń wọ inú èéfín kí wọ́n tó jọ jáde. Èédú èéfín àti iyọ̀ máa ń pa pọ̀ níbẹ̀ títí ihò tó yẹ kí àtàǹpàkò wọ̀ ó fi kù bí ihò pẹ́ńsùrù. Èéfín dúdú á bẹ̀rẹ̀, agbára á lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti tú nọ́sù tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan nítorí rẹ̀. Bí olùtà bá ní ìwé pé òun pààrọ̀ ìgbọ̀nwọ́ yẹn láìpẹ́, ó níye lórí ju ọ̀dà tuntun lọ.

Ti Perkins ni jíjò ọ́ìlì. Ibi tí kiráńkì, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ti ń jáde lẹ́yìn kì í di pinpin, ẹ̀kán ọ́ìlì á sì máa bọ́ sábẹ́. Láti tún un ṣe, gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kúrò, fulawíìlì gbọ́dọ̀ kúrò, nínú ọkọ̀ tó há, odindi ẹ́ńjìnnì lè ní láti jáde. Púpọ̀ ló kàn ń gbé àwo síbẹ̀. Èmi kò ka jíjò díẹ̀ sí ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ti kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ rántí pé òfin kò gbà kí ẹ máa pọ́ǹpù rẹ̀ dà sínú odò.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ sọ fún olùtà tẹ́lẹ̀ pé kó má tan ẹ́ńjìnnì náà kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ kí i tán, kí ẹ gbé ọwọ́ lé bulọ́ọ̀kù. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ohun kan wà tó fi ń pa mọ́, nítorí àárọ̀ tutù ni dísù tó ti gbó ti ń sọ òótọ́. Èéfín funfun díẹ̀ tó ń tán lọ kò burú. Èyí tó bá ń jáde lọ láìdáwọ́ dúró, nọ́sù tàbí ríǹgì písítìn tó ti rẹ̀ ni. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

Bí kò bá tètè jí, ẹ má jẹ́ kí olùtà máa fi sítátà lù ú lọ láìdúró. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí láìjí ni pọ́ǹpù ń da omi òkun sínú sàlẹ́ńsà, kò sì sí èéfín tó máa tì í jáde. Omi yẹn lè padà sẹ́yìn wọ sílíńdà. Ẹ ní kó ti kọ́ọ̀kù omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ (ibi tí omi òkun ń gbà wọlé) pa ná, kó wá ṣí i kíákíá bó bá ti jí. Tó bá ti jí, ẹ yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀: omi gbọ́dọ̀ máa bá èéfín jáde lákòókò.

Èwo ni màá rà?

2GM20F ni mo kọ́kọ́ ń wá fún ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ nínú omi iyọ̀. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlówó rẹ̀ wọ́n. Fún ọkọ̀ wúwo, Perkins, pẹ̀lú jíjò rẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì dísù tó dàgbà níbí tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà. 2GM20 tí kò ní F, tó ti lo ogún ọdún nínú òkun tí kò sì ní ìwé kankan, màá yọ owó rẹ̀ kúrò pátápátá nínú iye tí màá san, bí ẹni pé ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Inú odò tí kò níyọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọjú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún lè bá Bukh DV20 ti ilẹ̀ Denmark pàdé. Ó wúwo, ó nípọn, kì í gbọ̀n tó bí èèyàn ṣe rò. Bí ó bá wà ní mímọ́, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Volvo Penta MD2B ni mi ò ní fún ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mẹkáníìkì. Ó lágbára lóòótọ́, ẹ tiẹ̀ lè fi ọwọ́ yí i jí, ṣùgbọ́n sítátà àti dáínámò rẹ̀ wà nínú ara kan ṣoṣo tí bẹ́líìtì ń yí, ọjọ́ tí ìyẹn bá kú, ẹ ó wá a káàkiri, owó tí wọ́n á dá lé e yóò sì yà yín lẹ́nu.