Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ òkè: 29 ni àbí 27.5? Mo ti gun méjèèjì, ohun tí mo rí rèé

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó kún fún gbòǹgbò igi ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ òkè mi, mo ti rẹ síìtì sílẹ̀ pátápátá, mo sì sún ìdí sẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ má baà yí mi dànù síwájú. Bí gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó le ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Àfi gbì! Táyà ẹ̀yìn gbá mi nídìí. Ó fa ṣòkòtò mi mọ́ra, ọwọ́ mi bọ́ lórí bíréèkì, kí n tó mọ̀ mo ti wà nílẹ̀. Egungun kankan ò ṣẹ́, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n àmì eyín táyà yẹn wà lára mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Kẹ̀kẹ́ náà ò ní àléébù. Bíréèkì rẹ̀ ń mú, jíà rẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́, férémù rẹ̀ le koko. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ínṣì 29 ló ní, èmi sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 160 péré.

Ọdún méjì ni mo fi gun 29 yẹn. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti ń gun 27.5 báyìí, orí 26 ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó kí n tó kan ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn kẹ̀kẹ́ mi, torí ẹsẹ̀ ni mò ń yẹ̀ wò, ìyẹn rímù pẹ̀lú táyà orí rẹ̀, mo sì gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ òkè gbọ́dọ̀ yanjú ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní kí n ra 29. Sẹ̀ǹtímítà 188 ni òun ga.

“Mo ti sọ fún ẹ, 29 ni kó o rà,” ló wí. “Gbòǹgbò ni o, òkúta ni o, kòtò ni o, ńṣe ló máa ń yí kọjá lórí wọn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀.”

“Bọ̀dá mi, ṣé kò ní tóbi jù fún mi?”

“Férémù kékeré ni kó o mú. Ẹsẹ̀ ò kan gíga ẹ.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Èkejì ló gbé mi ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú nọ́ńbà wọ̀nyí palẹ̀, torí wọ́n ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ 26, 27.5 àti 29 á rò pé àárín gbùngbùn ni 27.5 wà, pé ínṣì kan àtààbọ̀ ló fi ju èyí, ínṣì kan àtààbọ̀ náà ló fi dín sí tọ̀hún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí ètè táyà ti ń jókòó lórí rímù ni ìwọ̀n tó ṣe é gbára lé: mìlímítà 559 ni ti 26, 584 ni ti 27.5, 622 ni ti 29. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn. Mìlímítà 25 péré ni 27.5 fi ju 26 lọ, ṣùgbọ́n 38 ni 29 fi ju òun náà. Mo fi tépù wọn tèmi lẹ́yìn tí mo ki táyà oníwọ̀n ínṣì 2.3 bọ àwọn méjèèjì tó wà nílé: 27.5 fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 700 láti etí dé etí, 29 sì lé ní 735. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti orí 26, tó ń bẹ̀rù pé 27.5 máa tóbi jù, kó fọkàn balẹ̀. Ọmọ ìyá 26 ni.

Ẹ má wo ínṣì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára táyà. Ẹ wá nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú bíi 57-584. 57 ni fífẹ̀ táyà, 584 ni ìjókòó rẹ̀ lórí rímù. Òun ni kò lè parọ́. Ìjókòó 622 yìí kan náà ni kẹ̀kẹ́ títì tí wọ́n ń pè ní 700C ń lò, òun náà ni wọ́n tún ń kọ 28 sí lára àwọn kẹ̀kẹ́ ìgboro kan. Rímù kan náà, orúkọ mẹ́ta. Táyà tó sanra tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ nínú igbó ló sọ ọ́ di 29.

Kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣírò kó tó mú 26 níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Tamalpais ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Repack ní 1976, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó wúwo, tó ní táyà rọ̀bọ̀tọ̀, ni wọ́n rí lò, ẹsẹ̀ 26 ló sì wà lára wọn. Bó ṣe di àṣà nìyẹn fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ WTB gbé táyà Nanoraptor jáde, táyà igbó gidi tó bá rímù 622 mu, ọ̀nà wá là fún 29. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀kan nínú ìwọ̀n wọ̀nyí ti ọ̀run wá. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, èèyàn míì sì wá yí i padà.

Ó wá ku bó ṣe rí lábẹ́ ẹni.

Mi ò ní fi 29 du ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lórí ọ̀nà tó gùn, tó tẹ́jú díẹ̀, tí òkúta wẹ́wẹ́ kún, kò sí èyí tó tó o. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ṣe tóbi tó ni òkúta ṣe máa ń kàn án nísàlẹ̀ tó, dípò kó kàn án níwájú gan-an, kẹ̀kẹ́ á rọra gùn ún kọjá dípò kó kọ lù ú. Lórí òkúta kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ náà kéré, kò tó dígírì méjì nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ fún òkúta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgọ́rùn-ún òkúta sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, apá yín á sọ fún yín. Tí 29 bá sì ti gbéra, eré rẹ̀ kì í tètè kú. Mo máa ń dé ilé láìrẹ̀ mí tó bó ṣe ń rẹ̀ mí lórí 26.

Gbígbéra yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní gbogbo kọ́nà tó há, tí mo bá ti fa bíréèkì tí mo sì fẹ́ tún gbéra, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó wúwo. Bí ẹsẹ̀ 29 bá yí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú táyà 2.1, ó ti lọ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 229; 27.5 á lọ tó 215. Lórí jíà kan náà, itan yín ló máa gbé sẹ̀ǹtímítà 14 tó lé yẹn gun òkè. Mo gba ìmọ̀ràn, mo yọ jíà iwájú tó ní eyín 32, mo fi eléyín 30 sí i, ó sì tán, òkè wá ṣe é gùn. Ìyẹn ṣe é tún ṣe. Ara mi ni kò ṣe é tún ṣe.

Nígbà tí mo bá mú pẹ́dà dúró lọ́gbọọgba, tí mo sì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dáadáa níbi kọ́nà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi máa ń kan táyà iwájú. Férémù kékeré ni, ẹsẹ̀ ńlá ni wọ́n sì kó sínú rẹ̀, ibo ni wọ́n fẹ́ kó ààyè gbà? Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ga jù fún mi, torí pé fóòkì, ìyẹn irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, àti ẹsẹ̀ ńlá ti gbé gbogbo iwájú sókè. Mo yọ gbogbo wáṣà abẹ́ rẹ̀, kò tó síbẹ̀. Bí ṣọ́kì ẹ̀yìn bá wá rì wọlé lórí ibi tó le, táyà ẹ̀yìn á dìde wá bá mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn máa ń dúró lókè réré sí táyà yẹn. Èmi ò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ohun tó bá Bọ̀dá mi mu ni mo wọ̀ sọ́rùn.

Lẹ́yìn ìṣubú yẹn, Bọ̀dá mi ní ká fi ẹsẹ̀ 27.5 sí ẹ̀yìn, ká fi 29 sílẹ̀ níwájú. Kì í ṣe àbá òmùgọ̀. Kódà, UCI, àjọ tó ń darí ìdíje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ti gbà á láyè láti 2019 pé kí ẹsẹ̀ méjèèjì má dọ́gba nínú ìdíje, àwọn tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n férémù tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún un. Bí a ṣe fi ẹsẹ̀ kékeré sí ẹ̀yìn, ìdí kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 19, ibi tí pẹ́dà so mọ́ náà lọ sílẹ̀, fóòkì wá na síwájú ju bó ṣe yẹ lọ. Táyà ò kàn mí mọ́ lóòótọ́. Pẹ́dà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá òkúta, kò-kò-kò, ní gbogbo ibi tí mo bá ti ń wa á gòkè. Ọjọ́ Sátidé méjì ni mo fara dà á, mo dá a padà. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ṣe fún ẹsẹ̀ méjì tí kò dọ́gba ni kó wá. Mo ti gun irú rẹ̀ kan rí fún ọ̀sán kan, mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Èyí tí mo wá rà ni 27.5 níwájú àti lẹ́yìn, férémù kékeré. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e wọ igbó, nǹkan tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé mi ò ronú nípa kẹ̀kẹ́ mọ́. Mo ń wo ọ̀nà. Kọ́nà tí mo máa ń fi ara tì bí ẹni ń ti màlúù, mo kàn wò ó, kẹ̀kẹ́ ti yí. Mo fò ó sókè lórí gbòǹgbò kan láìmọ̀ pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lọ́jọ́ kẹta, mo sún ìdí sẹ́yìn débi tí mo fẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀, kò sí ohun tó kàn mí.

Ó ní ibi tó kù sí, mi ò ní fi pa mọ́. Kòtò tí 29 máa ń fò kọjá, 27.5 máa ń wọ inú rẹ̀, mo ní láti máa gbé iwájú rẹ̀ fúnra mi. Lórí ọ̀nà gígùn tó tẹ́jú, tí èmi àti Bọ̀dá mi bá jọ jáde, ó máa ń fi mí sílẹ̀ láìlàágùn. Táyà olówó ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, 29 ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe é fún, èmi á dúró. Ẹni tó bá ga, tó sì ń rin ọ̀nà jíjìn, kó má tẹ̀ lé mi o, kó ra 29 rẹ̀ kó máa lọ. Bọ̀dá mi gun tèmi lọ́jọ́ kan, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sọ̀ kalẹ̀, ó ní orúnkún òun fẹ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn jù lọ láyé gan-an ò tíì fohùn ṣọ̀kan nígbà kan. Nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ òkè ti àwọn ọkùnrin ní Òlíńpíìkì London ní 2012, Jaroslav Kulhavý wà lórí 29, Nino Schurter tó kúrú jù ú lọ wà lórí 27.5. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló ya wúrà sọ́tọ̀ kúrò lára fàdákà. Kulhavý ló gba wúrà náà. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń búra pé ẹsẹ̀ kan ti pa ìyókù, ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ni mo máa ń rántí. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bíi Trek tí wọ́n ti fi 27.5 sí férémù kékeré, tí wọ́n fi 29 sí ńlá, nínú irú kẹ̀kẹ́ kan náà. Ó hàn pé ẹnì kan níbẹ̀ ti wo ènìyàn kúkúrú lójú.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ yípo iwájú ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ẹ rẹ síìtì sílẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dì í mú, kí ẹ sún ìdí sẹ́yìn bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá tẹ ṣọ́kì ẹ̀yìn rì. Kí ẹ tún fi pẹ́dà kan síwájú, kí ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ wo ọmọ ìka yín. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, èmi náà ò sì béèrè.

29 yẹn ti wà lọ́wọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan báyìí, ọmọkùnrin gígùn lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Ó dá jíà eléyín 32 padà sí i. Mo bi í léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá táyà ẹ̀yìn ń kàn án. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ, ó ní, “Táyà ẹ̀yìn ṣe máa kàn mí, ẹ̀gbọ́n?”