Glock 19: Gen 3, Gen 4 àbí Gen 5, èwo lẹ máa gbé relé?

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ti pinnu pé ẹ máa ra ìbọn ìléwọ́, tó sì jẹ́ Glock 19 lojú yín wà lára ẹ̀, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ní ṣọ́ọ̀bù ni pé Gen wo lẹ fẹ́, ìyẹn generation, ìran wo lára èyí tí wọ́n ti ṣe jáde, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ torí ẹni tó ń tajà á ní Gen 5 ni kẹ́ ẹ mú, ọ̀rẹ́ yín á ní kò sí èyí tó tó Gen 3, ẹlòmíì á ní Gen 4 lòun mọ̀ ní tòun. Èmi ò gbà pé ìjà wà níbẹ̀. Ìbọn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọta 9mm ni wọ́n ń yìn, ọta 15 ni mágásíìnì tó bá wọn wá ń gbà, bárẹ́ẹ̀lì wọn fi díẹ̀ bíńtín ju ínṣì 4 lọ, kò sì sí èyí tí kò lágbára nínú wọn. Bí kálukú wọn ṣe ń bá ọwọ́ mu ló yàtọ̀ jù, torí náà ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi kẹ́ ẹ tó bi YouTube.

Díẹ̀ nípa ibi tó ti wá. Ilẹ̀ Austria ni Glock ti wá, Gaston Glock ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, Glock 17 ni àwọn ológun Austria sì gbà lọ́dún 1982. Lọ́dún 1988 ni wọ́n gbé 19 jáde, ó kúrú díẹ̀ ju 17 lọ kó lè rọrùn láti gbé sábẹ́ aṣọ. Gen 3 dé nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, Gen 4 dé lọ́dún 2010, Gen 5 dé lọ́dún 2017. Tẹ́ ẹ bá rí Gen 2 nínú àwọn àlòkù, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ jàre, kò ní ibi tẹ́ ẹ lè so tọ́ọ̀ṣì mọ́ nísàlẹ̀ bárẹ́ẹ̀lì.

Ó yá, ẹ gbé Gen 3 sọ́wọ́, lẹ́yìn tẹ́ni tó ń tà á ti yọ mágásíìnì tó sì ti fa sílááìdì, irin òkè ìbọn tó ń sún lọ sún bọ̀, sẹ́yìn tẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Níwájú ibi tá a ti ń dì í mú, wọ́n ṣe ojú ìka sí i, àwọn òkè kéékèèké wà láàárín ojú ìka kan sí èkejì. Tí ìka yín bá bọ́ sí àyè ẹ̀, ó máa dà bíi pé yín gan-an ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó ṣe é. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ìyà dé nìyẹn. Bùọ̀dá kan tá a jọ ń lọ rénjì ní Houston, ọwọ́ wọn tóbi, orí òkè yẹn gan-an ni ìka wọn ń gùn, tí wọ́n bá ti yìnbọn fún bíi wákàtí kan, tí wọ́n bá la ọwọ́ ẹ máa rí ojú ibi tó ti tẹ̀ wọ́n, ó pupa. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i tó ju kẹ́ ẹ bẹ́ ẹ tàbí kẹ́ ẹ fi iná yọ́ ọ, ta ló fẹ́ ra ìbọn tuntun kó tún máa bẹ́ ẹ kiri.

Gen 4 náà ṣì ní ojú ìka yẹn o, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀yìn ibi tá a ti ń dì í mú ni wọ́n tún ṣe. Bó ṣe wà lásán, ó kéré díẹ̀ sí ti Gen 3, wọ́n wá fi àwọn ẹ̀yìn rọ́bà míì sínú páálí ẹ̀ tẹ́ ẹ lè gbé lé e, èyí tó wà láàárín ń fi mìlímítà 2 kún un, èyí tó tóbi ń fi mìlímítà 4 kún un, pín-ìn-nì kan ṣoṣo lẹ máa yọ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀. Àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹ̀ kéré gan-an, tó bá di Gen 3 mú orí ìka ẹ̀ nìkan ló ń kan tírígà, nígbà tó gbé Gen 4 láìgbé ohunkóhun lé ẹ̀yìn ẹ̀, ìka ẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé láìjẹ́ pé ó yí ọwọ́ padà. Irú ìyàtọ̀ yìí kéré lójú àmọ́ òun ló ń sọ bóyá ọta máa lọ síbi tẹ́ ẹ fojú sùn. Ara Gen 4 tún rí gbágungbàgun ju ti Gen 3 lọ, bí ọwọ́ bá làágùn kì í yọ̀.

Gen 5 ló wá kó ojú ìka yẹn dànù pátápátá. Iwájú ẹ̀ tẹ́jú, ọwọ́ ńlá ọwọ́ kékeré, kálukú á bá àyè tiẹ̀, ẹ̀yìn rọ́bà tó ṣeé pààrọ̀ yẹn náà ṣì wà níbẹ̀. Fún èmi o, ìdí yìí nìkan tó láti mú Gen 5 tí ẹni méjì bá máa lo ìbọn kan nínú ilé, bíi ọkọ àti ìyàwó. Wọ́n tún la ẹnu ibi tí mágásíìnì ń gbà wọlé kó fẹ̀ díẹ̀, tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n ó ṣì máa wọlé. Lọ́dún 2016 ni àwọn FBI yan Glock pé òun làwọn fẹ́, wọ́n ṣe 17M àti 19M fún wọn, ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lára Gen 5 ló sì jọ ti àwọn ìbọn yẹn.

Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ dákun ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Lára Gen 3, apá òsì ni bọ́tìnnì tó ń já mágásíìnì sílẹ̀ wà, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún, kò ṣeé gbé sódì kejì. Gen 4 ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè yọ bọ́tìnnì yẹn kẹ́ ẹ gbé e sápá ọ̀tún, wọ́n sì jẹ́ kó tóbi sí i, àmọ́ irin pẹlẹbẹ tó ń dá sílááìdì dúró ṣì wà lápá kan ṣoṣo. Gen 5 ló fi irin yẹn sápá méjèèjì, torí náà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa ra nǹkan míì tí òfin ìpínlẹ̀ yín ò bá dí yín lọ́wọ́. Nǹkan kan wà ṣá tí wọn kì í sọ fún èèyàn: mágásíìnì àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún Gen 3, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gé ojú sí níbi tí bọ́tìnnì ti ń há a mú, tẹ́ ẹ bá wá gbé bọ́tìnnì Gen 4 tàbí Gen 5 yín sódì kejì, mágásíìnì àtijọ́ yẹn ò ní há mọ́, á máa já bọ́ ni. Mágásíìnì tuntun ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú Gen 3 láìsí wàhálà, torí náà tẹ́ ẹ bá ń rà á tuntun ni kẹ́ ẹ rà.

Inú wọn ńkọ́? Gen 3 ní sípíríǹgì kan ṣoṣo lábẹ́ bárẹ́ẹ̀lì, Gen 4 àti Gen 5 ní méjì tó wọnú ara wọn, wọ́n ní ó ń dín bí ìbọn ṣe ń ta ọwọ́ sókè kù díẹ̀, sípíríǹgì náà sì máa ń pẹ́ kó tó rẹ̀. Nígbà tí Gen 4 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, sípíríǹgì yẹn ò kọ́kọ́ ṣe dáadáa nínú gbogbo wọn, lọ́dún 2011 Glock ní kí àwọn tó rà á wá gba òmíì lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra Gen 4 àlòkù tí wọ́n ṣe nígbà yẹn, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Bárẹ́ẹ̀lì Gen 5 náà yàtọ̀, bí wọ́n ṣe gbẹ́ inú ẹ̀ ń jẹ́ kí ọta fẹnu kò sójú kan díẹ̀ sí i, tírígà ẹ̀ náà rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò ní mọ̀ ọ́n lára ní tòótọ́.

Níbi pááàtì, Gen 3 ni ọ̀gá. Ó ti pẹ́ lọ́jà, ilé iṣẹ́ míì ti ń ṣe àwọn ìbọn tó jọ ọ́, torí náà ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń wá, tírígà ni, bárẹ́ẹ̀lì ni, ẹ máa rí i lówó pọ́ọ́kú. Bárẹ́ẹ̀lì Gen 3 ò wọ Gen 5, pín-ìn-nì wọn gan-an ò bára dọ́gba, mẹ́ta ló wà lára Gen 3 àti Gen 4, méjì ló wà lára Gen 5, ẹ má kàn ra nǹkan torí pé wọ́n kọ Glock 19 sára ẹ̀. Tó bá jẹ́ gíláàsì tó ní àmì pupa lẹ fẹ́ gbé sórí ẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ MOS sí, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbẹ́ sílááìdì ẹ̀ sílẹ̀ fún gíláàsì, ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é sára Gen 4, Gen 5 náà ní tiẹ̀. Gen 3 ò ní, ẹ máa sanwó fún ẹni tó máa gbẹ́ sílááìdì ẹ̀.

Owó ńkọ́. Gen 5 tíà rọ́bà máa ń wà láàárín bíi dọ́là 550 sí 620, Gen 3 tuntun máa ń dín díẹ̀ sí i. Èyí tí mo fẹ́ràn kẹ́ni tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀ wò ni Gen 4 tí àwọn ọlọ́pàá lò tí wọ́n dá padà, ara ẹ̀ á ti họ níbi tó ti ń wọ àkọ̀ tó ń jáde, àmọ́ inú ẹ̀ sábà máa ń dáa torí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ń gbé ìbọn kiri ju bí wọ́n ṣe ń yìn ín lọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú bárẹ́ẹ̀lì, ẹ wò ó bóyá ibì kan wú nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta, tẹ́ ẹ sì ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ kọjú ẹnu ẹ̀ sókè, ẹ fa tírígà kẹ́ ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ fa sílááìdì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá rọra máa dá a padà. Tó bá dúró sójú ọ̀nà tí kò délé, sípíríǹgì ti rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe nǹkan tó wọ́n, ẹ fi ná owó ẹ̀ wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin wá, torí òun ló máa bá ẹlòmíì yàn. Ní California, ìjọba ní ìwé tí wọ́n kọ ìbọn tó ṣeé tà fáráàlú sí, fún ọ̀pọ̀ ọdún Gen 3 ló wà níbẹ̀, Gen 4 àti Gen 5 ò sí, òfin ibẹ̀ sì ń yí lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ bi ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ. Ibẹ̀, New York, New Jersey àti Maryland ò fẹ́ kí wọ́n ta mágásíìnì tó gba ju ọta 10 lọ, Illinois fàyè gba 15 fún ìbọn ìléwọ́. Ẹ̀yin ará Maryland, ẹ máa gba ìwé HQL, ìwé àṣẹ láti ra ìbọn ìléwọ́, kẹ́ ẹ tó rà á, wọ́n á tẹ ìka yín, ẹ ó sì lọ kíláàsì. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì ò gbọ́dọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 21, fọ́ọ̀mù 4473 lẹ máa kọ, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ FBI tàbí lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ yín. Ẹni tó ní green card lè rà á. Ẹni tó wá kàwé tàbí tó wá kí èèyàn pẹ̀lú físà, òfin ò gbà á yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni rà á lórúkọ yín, ẹ̀wọ̀n ni.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní bọ́tìnnì téèyàn ń tẹ̀ kí tírígà má ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fa tírígà ti yìnbọn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tú u láti nù ún, ẹ máa fa tírígà ná kí sílááìdì tó lè yọ, ibẹ̀ ni ẹni tó gbàgbé ọta kan sínú ti máa ń ṣe ara ẹ̀ léṣe. Àkọ̀ tó bo tírígà pátápátá àti séèfù kékeré tí ọmọdé ò lè ṣí, ẹ fi wọ́n sínú owó tẹ́ ẹ máa ná, ká tiẹ̀ ní ìdí ẹ̀ lẹ máa fi mú Gen 4 àlòkù dípò Gen 5. Ẹ ṣọ́ra tó bá jẹ́ àkọ̀ àtijọ́ lẹ fẹ́ lò fún Gen 5, àwọn kan há jù fún irin apá kejì yẹn.

Ẹ má gbé e sínú báàgì tàbí kọ̀ǹténà wá sílé o. Ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí òfin ìbọn Nàìjíríà kà léèwọ̀, ìwé Texas tàbí Maryland kò ní gbà yín lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.