Casiotone CT-S300, ọdún kan ó lé lọ́wọ́ wa l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ọdún kan àti oṣù méjì rèé tí kíbọ́ọ̀dù olórin yìí, CT-S300, ti wà nílé wa nítòsí Takie, mo dìídì ṣe sùúrù kí n tó sọ̀rọ̀ torí kò sí kíbọ́ọ̀dù tuntun tí kì í dùn lóṣù àkọ́kọ́.

1980 ni ilé iṣẹ́ Casio gbé Casiotone àkọ́kọ́ jáde, CT-201, kíì 49 tí wọ́n ń tẹ̀, oríṣi ohùn 29 péré, àtìgbà yẹn nirú ẹ̀ ti ń wọ pálọ̀ àwọn èèyàn. Bàbá mi náà padà ra kékeré kan, àlejò ò ní tíì jókòó tán tó fi máa tẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù dé báyìí, ojú kúrò lára ẹ̀, fọ́tò la wá ń tò lé tiwa lórí, ẹni tó bá fẹ́ tẹ dùùrù àfi kó dúró dọjọ́ tí akọrin bá ń ṣe ìdánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń dùn mí, torí ìka ọmọ wo ló fẹ́ mọ ọ̀nà tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn án?

2019 ni wọ́n jí orúkọ Casiotone yẹn dìde. CT-S300 tiwa yìí ní kíì 61, oríṣi ohùn 400, kò tó kílò mẹ́rin, ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ gbé e wà lára ẹ̀, ọmọ mi obìnrin máa ń gbé e gun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bátìrì gan-an ló mú mi rà á o! Mẹ́fà ni, irú èyí tó ń wọ aago ara ògiri, iná lọ iná ò lọ, ọmọ ń tẹ dùùrù ẹ̀ lọ ni, tó bá dalẹ́ á ki earpiece fóònù bọ̀ ọ́, kò dí ẹnikẹ́ni lóorun.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi CT-S200 pa á dà fún yín, wọ́n jọra bí ìbejì, àmọ́ ìyẹn ò mọ̀ bóyá ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ni àbí ẹ fagbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo adáptọ̀ náà dáadáa, volt 9.5 ló ń lò, ẹni tó tà á fún mi ti 12 sínú páálí, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ka ara ẹ̀ kí n tó ki bọ iná.

Ibi tó ti ń ni mí lára ni transpose, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gbé ohùn dùùrù sókè tàbí wá sílẹ̀, inú function, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò ẹ̀, lẹ máa wá a lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn olórin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í sọ fúnni kí wọ́n tó gbé ohùn sókè. Nílé ṣá, mi ò rí àléébù ẹ̀.