Godot fún ẹni tó ní wákàtí kan péré lálẹ́: ojú tèmi rèé

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Godot, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni mo fi ń ṣe géèmù fóònù, mo ti lò ó tó ọdún méjì báyìí, èmi nìkan o, kò sẹ́ni tá a jọ ń ṣe é, kò sí ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi. Iṣẹ́ oòjọ́ mi lọ́tọ̀, kò bá géèmù tan rárá. Alẹ́ ni mo máa ń jókòó tì í táwọn ọmọ bá ti sùn, wákàtí kan, tó bá pọ̀ jù kó jẹ́ wákàtí kan àbọ̀, ẹ tún wá yọ àwọn alẹ́ tí oorun gbé mi lọ tọwọ́ mi ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù kúrò níbẹ̀.

Torí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi géèmù jẹun lẹ́nu mi. Ohun tí màá kọ́kọ́ yìn pàápàá lè jọ yẹ̀yẹ́ lójú ẹlòmíì: ó máa ń tètè ṣí.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Láptọ́ọ̀pù mi ti darúgbó, èyí tí mo ń lò kí n tó bọ́ sọ́dọ̀ Godot (mi ò ní dárúkọ ẹ̀), tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí, mo lè lọ fọ gbogbo abọ́ tó wà nílẹ̀ kí n padà wá bá a kó ṣì máa yí bírí lójú mi, tó bá wá ṣí tán á lóun fẹ́ kọ́kọ́ ṣe àpúdéètì, nígbà tí n ó fi rántí ohun tí mo wá ṣe, ogún ìṣẹ́jú ti wọgbó nínú ọgọ́ta tí mo ní. Godot ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dáńlóòdù ẹ̀, kò tó 200MB, ẹ tú u síta nínú zip tó wà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti ṣí nìyẹn. Kò ní kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì, kò bi yín ní í-meèlì. Ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ lè má mọ iyì ẹ̀, èmi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ tó ní nǹkan nínú. Àwọn ọmọ Argentina méjì, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n wá tú kóòdù ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2014 lábẹ́ láísẹ́ǹsì MIT (ìwé àṣẹ ìlò). Ohun tẹ́ ẹ bá fi ṣe, tiyín ni, wọn ò ní bá yín pín nínú ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ka ìyẹn sí tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí Unity, sọ́fítíwíà géèmù míì, kéde lóṣù kẹsàn-án 2023 pé àwọn fẹ́ máa gbowó lórí iye ìgbà táwọn èèyàn bá ínsítọ́ọ̀lù géèmù, ariwo ta gan-an, ó sì tó ọdún kan gbáko, oṣù kẹsàn-án 2024, kí wọ́n tó fagi lé e pátá. Mi ò lo Unity rí, kò sì sí bí géèmù tèmi ṣe máa dé ibi tẹ́nì kan á ti máa gbowó lórí ẹ̀, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń gbá a, ẹbí mi sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi oorun ara ẹ̀ ṣe nǹkan, kò yẹ kó tún máa bẹ̀rù pé wọ́n lè yí àdéhùn padà mọ́ òun lọ́wọ́.

Ó yá, géèmù ọ̀hún. Alángbá kan ló ń gun ògiri lọ sókè, tẹ́ ẹ bá fìka kan ojú fóònù á fò láti ògiri ọ̀tún bọ́ sí tòsì, ẹ̀gún ń bọ̀, ẹyẹ ń bọ̀, tó bá kọlu ọ̀kan, ó parí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Godot ṣe to nǹkan ni pé gbogbo ohun tó bá wà nínú géèmù yín ní "scene" tiẹ̀, inú scene yẹn làwọn "node" wà, bí ọmọ ṣe ń wà lábẹ́ ìyá. Alángbá mi ní scene tiẹ̀: àwòrán ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ààlà ara ẹ̀ tí ẹ̀gún lè kàn ń bẹ níbẹ̀, ìró ẹsẹ̀ ẹ̀, kóòdù ẹ̀. Ibi tó ti wá dùn mọ́ mi jù ni F6 lórí kíbọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá tẹ F6, scene tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ yẹn nìkan ló máa dìde, ẹ ò ní láti gbé odindi géèmù dìde (F5 nìyẹn). Mo gba ti iṣẹ́ tó ṣeé gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, torí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni àkókò tèmi náà máa ń wá. Lálẹ́ Mọ́ńdè alángbá nìkan, mo tẹ F6, mò ń wo bó ṣe ń fò nínú òfìfo, ó fò dáadáa, mo pa á dé, mo lọ sùn. Túsìdeè ẹ̀gún nìkan. Orí mi ò lè gbé gbogbo géèmù lẹ́ẹ̀kan náà láago mẹ́wàá alẹ́, Godot ò sì fipá mú mi láti gbé e.

Àwọn node yìí tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní "signal". Ẹ̀gún á kàn ké jáde ni pé nǹkan ti kàn mí o, ẹni tọ́rọ̀ bá kàn ló máa dáhùn. Ẹ̀gún ò mọ máàkì (iye tẹ́ni tó ń gbá a jẹ), máàkì ò mọ ẹ̀gún. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mi ò lò ó, gbogbo nǹkan ló ń pe gbogbo nǹkan lórúkọ, mo yọ ẹyẹ kan ṣoṣo kúrò báyìí, géèmù dá kú. Kóòdù fúnra ẹ̀, GDScript lorúkọ ẹ̀, ó jọ Python (èdè kóòdù míì), ẹ ṣáà ti mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá ṣe ti ìlà wọlé ló máa fi mọ ohun tó wà lábẹ́ kí ni. Ẹ lè fi C#, èdè kóòdù míì, ṣe é náà, àmọ́ lórí fóònù wọ́n ṣì ń pe ìyẹn ní ìdánwò, mi ò débẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ fóònù wàyí torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá ti sètò ẹ̀ tán, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì kékeré kan wà lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́, géèmù ti bọ́ sínú fóònù. Ẹ máa ṣe é lóòrèkóòrè, mo bẹ̀ yín, torí irọ́ ni máàsì kọ̀ǹpútà ń pa fúnni. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbá géèmù mi lórí láptọ́ọ̀pù tí mò ń yangàn, ọjọ́ tí mo gbé e sórí fóònù ni mo rí i pé àtàǹpàkò mi bo alángbá mọ́lẹ̀ ṣíbá, mi ò rí i, mi ò rí ẹ̀gún, mo kàn ń kú ni. Mo ní láti gbé alángbá kúrò nísàlẹ̀ wá sí àárín. Máàkì náà ti sá pamọ́ sábẹ́ ihò kámẹ́rà. Godot ní ohun tẹ́ ẹ lè fi bi fóònù pé ibo ni ojú ẹ̀ tó mọ́ wà (get_display_safe_area), àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa rántí bi í o, kò ní sọ fún yín fúnra ẹ̀. Lórí pé ojú fóònù ò dọ́gba, ẹ lọ sí ibi Stretch nínú sẹ́tíìnì géèmù yín, ẹ mú canvas_items pẹ̀lú expand, ó ṣe tèmi. Lórí àwòrán, irú géèmù kékeré báyìí, Compatibility ni kẹ́ ẹ mú nínú ọ̀nà mẹ́ta tó gbé síwájú yín, òun ló máa ń gba àwọn fóònù àtijọ́ láyè.

Godot tún wà fún Android fúnra ẹ̀, ẹ lè máa ṣe géèmù lórí fóònù láìsí kọ̀ǹpútà. Mo ti lò ó níbi tí mo ti ń dúró de èèyàn, ó ṣiṣẹ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ìka mi tóbi ju àwọn bọ́tìnì ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà kan padà, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí, ó tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi ṣe iṣẹ́ gidi, mo wá gbé fáìlì fóònù borí ti láptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ alẹ́ méjì lọ ràì. Ẹ̀bi mi ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lo Git (ó máa ń tọ́jú gbogbo àyípadà tẹ́ ẹ bá ṣe sí fáìlì), ọ̀rọ̀ lásán tó ṣeé kà sì làwọn fáìlì scene Godot, torí náà mo lè rí ohun tí mo yí padà láàárọ̀.

Ibi tó ti dùn mí wá kù. Ẹ tó lè gbé géèmù sórí Android fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ máa wá OpenJDK 17 (irinṣẹ́ Java), ẹ máa wá Android SDK (irinṣẹ́ Android), ẹ máa dáńlóòdù témpléètì tí Godot fi ń kó géèmù jáde, tó wúwo ju Godot fúnra ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ẹ máa ṣe keystore (fáìlì tẹ́ ẹ fi ń fọwọ́ sí géèmù pé tiyín ni), alẹ́ mẹ́ta ni ìyẹn jẹ lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbé e sórí Google Play, irú fáìlì tó ń jẹ́ AAB ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ géèmù tuntun láti oṣù kẹjọ 2021, kì í ṣe APK tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́, AAB nínú Godot sì ń béèrè Gradle (irinṣẹ́ míì tí wọ́n fi ń kó géèmù Android pọ̀), ẹ tún sọ alẹ́ kan nù. Ìpolówó àti títa nǹkan nínú géèmù ò sí nínú ẹ̀, plọ́gíìnì (àfikún táwọn ẹlòmíì ṣe) lẹ máa lọ wá, bí Godot bá ti yí padà plọ́gíìnì lè má bá a yí. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ ní láti ní Mac (kọ̀ǹpútà Apple) àti Xcode (sọ́fítíwíà Apple), mi ò ní, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn fídíò ẹ̀kọ́ náà, ẹ ṣọ́ra. Godot 4.0 jáde lóṣù kẹta 2023, ó sì yí orúkọ nǹkan púpọ̀ padà. KinematicBody2D ti di CharacterBody2D, yield ti di await, export ti di @export. Ẹ máa tẹ̀ lé fídíò kan tó dùn gan-an, ẹ̀ ń da ohun tó kọ kọ lẹ́tà sí lẹ́tà, gbogbo ẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀, àṣìṣe ni Godot ń pè é. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ bọ kóòdù kankan, ẹ wo bóyá 3 ló fi ń kọ́ yín àbí 4.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Godot ṣá, àmọ́ ẹni tó ń dá ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n: tó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 2023 lẹ ṣí àkáǹtì Play ti ara yín, wọ́n fẹ́ kí èèyàn 12 kọ́kọ́ dán géèmù yín wò fún ọjọ́ 14 tẹ̀léra-tẹ̀léra. Èèyàn 20 ni tẹ́lẹ̀, ẹ dúpẹ́. Mo bẹ èèyàn tó fi dé orí ẹni tí a ò ti kíra láti ọdún kan, "jọ̀ọ́ má yọ ọ́ kúrò o, ó ku ọjọ́ márùn-ún". Ìyẹn le fún mi ju gbogbo kóòdù lọ.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo máa là bíi Dong Nguyen, ọmọ Vietnam tó dá ṣe Flappy Bird ní 2013. Mo máa ń rán wọn létí pé òun fúnra ẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò níta ní 2014 nígbà tí ariwo ẹ̀ pọ̀ jù fún un. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá Godot lè gbé nǹkan gidi, géèmù Brotato tó wà lórí fóònù báyìí, Godot ni wọ́n fi ṣe é.

Máàkì 8 nínú 10. Ọ̀kan lọ fún alẹ́ mẹ́ta yẹn, ọ̀kan lọ fún plọ́gíìnì. Ìrù alángbá mi ṣì ń wọnú ògiri lọ tó bá fò sápá òsì, mo ti mọ nọ́ńbà tó ń fà á, mo ti kọ ọ́ sókè kóòdù kí n má gbàgbé, alẹ́ òní ni màá tún un ṣe tí wọ́n bá tètè sùn.