Láísẹ́ǹsì nótárì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Texas, ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe nótárì ní Texas, ìyẹn ẹni tíjọba fọwọ́ sí pé kó máa jẹ́rìí sí sáìnì èèyàn lórí ìwé, tẹ́ ẹ wá ń rò ó pé ká gba ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tá à ń fi fídíò ṣe, kún un àbí ká má gbà á, ẹ gbà á o. Ó tówó ẹ̀. Àmọ́ ibi táwọn èèyàn ń bẹ̀rù kọ́ ló ti le.

Ọ̀dọ̀ ìjọba ò le rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ nótárì ojúkojú ná, èyí tó ní bọ́ńdù $10,000 (owó ìdúró tó wà fún ẹni tí àṣìṣe yín bá pa lára) tó sì ń lo ọdún 4, lẹ́yìn náà lẹ máa lọ sórí pọ́tàl Secretary of State, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nótárì, ẹ san $50, ẹ fi sítáǹpù àti sáìnì yín ti orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ẹ ti gbọ́dọ̀ mú áàpù tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì ti gba digital certificate, òun ló máa ń tú àṣírí tẹ́nì kan bá lọ fọwọ́ kan ìwé yẹn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sáìn-ín tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọjọ́ tí nótárì ojúkojú yín máa parí, torí ọjọ́ yẹn náà ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì máa parí. Tó bá ku oṣù díẹ̀, ẹ tún un ṣe ná kẹ́ ẹ tó san $50 yẹn.

Áàpù ló ń jẹ owó. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò ń gba owó oṣoṣù, iṣẹ́ wọlé o, kò wọlé o, ó tún ń yọ owó lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. $25 lòfin sì sọ pé a ò gbọ́dọ̀ kọjá lórí iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, yàtọ̀ sí $10 tá a lè gbà lórí sáìnì àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n bá yọ tiwọn tán kí ló kù? Mo gba ibòmíì lọ, wọn ò gba owó oṣù, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìbéèrè ìdánimọ̀. Áàpù á yẹ ID oníbàárà wò, á wá bi í ní ìbéèrè tí ò gbọ́dọ̀ dín ní 5, ìṣẹ́jú 2 péré ló ní, ó sì gbọ́dọ̀ gba 80%. Ilé téèyàn ti gbé rí, mọ́tò tó rà, gbèsè tó jẹ báńkì ní Amẹ́ríkà níbí, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ìbéèrè yọ. Ẹni tó ti pẹ́ ní Houston, wéré ló máa ṣe é. Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó tí orúkọ wọn wà lórí ilé tí wọ́n fẹ́ tà ní Katy, nítòsí Houston, ńkọ́? Òfin ò sọ pé kí oníbàárà wà ní Texas o, èmi nótárì ni mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ìbéèrè yẹn ló ń lé àwọn èèyàn wa padà. Mo rí màmá kan tí wọ́n gbà á tì lẹ́ẹ̀mejì, pásípọ́ọ̀tù wọn sì wà lọ́wọ́ wọn, ojúlówó, ẹ̀rù wá bà wọ́n pé bóyá wọ́n ti dẹ́ṣẹ̀ sí ìjọba. Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀ mà, mo gbé ìwé àti sítáǹpù mi, mo lọ bá wọn nílé. Òfin Texas gbà pé tí nótárì fúnra ẹ̀ bá mọ èèyàn náà dáadáa, kò nílò ìbéèrè yẹn, àmọ́ áàpù míì ò fàyè ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tún bi wọ́n nípa fídíò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni fídíò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nípamọ́, ọrùn yín ló sì wà. Tẹ́ ẹ bá fi áàpù yẹn sílẹ̀ lọ́la, ṣé wọ́n á kó o fún yín?

Tó bá sì jẹ́ ìwé tó ń lọ sí Nàìjíríà, pàápàá ìwé ilẹ̀, mo máa ń ní kí lọ́yà tó wà nílé kọ́kọ́ béèrè bóyá ibi tó ń lọ á gba ìwé tá a sáìn lórí kọ̀ǹpútà, tí ò ní íńkì lára. Tí kò bá dá wọn lójú, ojúkojú la máa ṣe é, mi ò ní gbowó ẹnikẹ́ni lórí ìwé tí wọ́n á dá padà.