Àmì ọfà WhatsApp lásìkò ìbò: ó wúlò, àmọ́ kò tó

Bí ìbò bá ti ń súnmọ́, inú gúrúùpù WhatsApp ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ti ń gbóná jù n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà), ti ọlọ́jà, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí. Ohun tí WhatsApp fún wa láti fi yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ni àmì ọfà tó máa ń hàn lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fọ́wáàdù. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń ṣe kọ́ ló ń ṣe.

Ọfà kan ń sọ pé ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kọ́ ló kọ ọ́. Ọfà méjì ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ márùn-ún kọjá, ó kéré tán. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ọlọ́fà méjì kò ṣeé fọ́wáàdù sí ju ẹnì kan tàbí gúrúùpù kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdíwọ́ yìí ló wù wá jù, torí ó ń fún onítara láyè láti ronú kó tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó rèé: tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kọpí rẹ̀, lọ lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, ọfà ti parẹ́. Àwọn tí wọ́n ń ṣe irọ́ jáde mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ọfà kò sì sọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ìkéde gidi láti ọ̀dọ̀ INEC náà lè gbé ọfà méjì wá.

Fọ́tò ló ń tan èèyàn jù. Ká ní ẹnì kan gbé èrò rẹpẹtẹ jáde pé ìpolongo olùdíje òun ni. Wo aṣọ wọn: bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá wọ aṣọ kan náà, tí ẹṣin sì wà láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú ni. Tọ́jú fọ́tò náà, gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lé e lórí kúrò, kí o tó gbé e sínú Google Lens, tó máa ń wá ibi tí fọ́tò ti jáde rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sábà máa ń ṣì í lọ́nà. Bí ó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ìpolongo, ẹjọ́ parí. Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ le jù, Lens kò lè gbọ́ ọ: béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi tó ti sọ ọ́, àti ìgbà tó sọ ọ́. Bí kò bá sí ìdáhùn, má fọ́wáàdù.

Àmì kankan kò lè bá wa ṣèdájọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. “Alága káńsù kò tún ọ̀nà wa ṣe” le lóòótọ́, àmọ́ ó tọ́, torí ẹnikẹ́ni lè lọ wo ọ̀nà náà. “Olè ni gbogbo ẹ̀yà wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìbò” kò tọ́ rárá. Òfin Ìdìbò ka irú èébú bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ nínú ìpolongo. Láti ọdún 2022 ni ádímìn ti lè pa á rẹ́ fún gbogbo ọmọ gúrúùpù. Kó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún la fún àmì ọfà yìí. Bí wọ́n bá lè jẹ́ kí ọfà tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọpí, á di mẹ́rin.