Erasmus Mundus láti Àkúrẹ́: ohun tí wọ́n ń fúnni, àti owó tó kọ́kọ́ ń jáde lápò ẹni

Mo ti ṣe Erasmus Mundus, ìyẹn sikọ́láṣíìpù láti ka dígírì kejì ní Yúróòpù, parí, ìwé ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti padà sí Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ san fún ajẹ́ǹtì?" Mi ò san kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo wọlé sí kò gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń dùn mí pé ọmọ tí kò rí jájẹ ń lọ yá owó láti fi san ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Torí náà mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ètò yìí, èyí tó dáa níbẹ̀ àti èyí tó ń ni èèyàn lára.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ń náwó sí i. Erasmus fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1987 láàárín àwọn ará Yúróòpù. Ní 2004 ni Erasmus Mundus dé, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Dígírì kejì ni. Yunifásítì mélòó kan láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń para pọ̀ gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ́ ọ ní orílẹ̀-èdè méjì, ó kéré tán. Ẹni tó bá rí sikọ́láṣíìpù rẹ̀ gbà kò ní san owó ilé-ìwé, wọ́n á ṣe ìnṣọ́ránsì fún un, wọ́n á sì máa fún un ní €1,400 lóṣooṣù. Tí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ọdún méjì, €33,600 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ pọ̀: ẹja àti òkun, oúnjẹ, iná mànàmáná, ìlera, títí dé ìmọ̀ èdè. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú àkójọ kan ṣoṣo lórí ìkànnì Erasmus+, ẹnikẹ́ni tó ní dátà lè ṣí i.

Èmi ka Remote Sensing, ìmọ̀ fífi àwòrán sátẹ́láìtì wo ilẹ̀, ní FUTA, torí náà ẹ̀kọ́ Erasmus Mundus tó ń jẹ́ Copernicus Master in Digital Earth ni mo mú. Salzburg ní Ọ́stríà la ti ń ṣe ọdún àkọ́kọ́. Fún ọdún kejì, èèyàn lè yan Olomouc ní orílẹ̀-èdè Czech tàbí Vannes ní ilẹ̀ Faransé. Mo yan Olomouc nítorí pé iṣẹ́ máàpù ló wù mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ kan tó yé mi pé ibi tó yẹ kí n wà ni mo wà. Olùkọ́ ní kí kálukú gbé ìlú rẹ̀ wá sójú kọ̀ǹpútà. Mo wa àwòrán Sentinel-2 ti Àkúrẹ́ jáde, ìyẹn sátẹ́láìtì Yúróòpù tó ń ya ilẹ̀ ayé, tí ẹyọ kékeré (píksẹ́lì) kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá lóròó àti níbùú. Oṣù Keje ni mo mú. Ìkùukùu bo ìlú látòkè délẹ̀, n ò rí nǹkan kan. Olùkọ́ náà wo ojú kọ̀ǹpútà mi, ó ní kí n bọ́ sórí Sentinel-1, èyí tó ń lo rédà, tí ìkùukùu ò lè dí lójú. Ìgbà tí mo gbé àwòrán ọdún 2016 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tuntun, àyà mi já. Mo rí bí ilé ṣe ń jẹ oko lọ ní ìhà Ọ̀bà-Ilé, mo sì rí ibi tí ilé ti sún mọ́ odò Àlà débi pé bí òjò bá rọ̀ gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ lomi ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ládùúgbò láti kékeré ni mo wá ń fi ojú ara mi rí yìí, tí mo sì lè wọ̀n. Àwòrán yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ ni o. Ẹni tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì FUTA lálẹ́ òní lè wà á jáde. Ohun tí ètò náà fún mi ni àwọn olùkọ́ tó ń fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ̀rọ tó lágbára, àti iná tí kì í lọ.

Ní ti bí mo ṣe wọlé, fọ́ọ̀mù gan-an kò le. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ àti ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣí láàárín Oṣù Kẹwàá, wọ́n á sì tì í láàárín Oṣù Kìn-ín-ní. Ẹni tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn náà lè kọ ọ́, bó bá ti lè fi hàn pé òun á ti gba dígírì òun kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. First class kọ́ ni mo ní. Second class upper ni.

Lẹ́tà ni iṣẹ́ wà. Lẹ́tà tí èèyàn fi ń sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ̀kọ́ náà, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gbé tèmi lọ bá olùkọ́ mi kan, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó." Wọ́n kà á tán, wọ́n gbé e sílẹ̀. "Ọmọ yìí, ohun tí o kọ síbí, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Kí lo rí ní Àkúrẹ́ tí o fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí sí?" Mo ronú kàn odò Àlà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà: odò wo, àdúgbò wo, ohun tí mo ti gbìyànjú láti fi wọ̀n nígbà SIWES (iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe níta iléèwé), irinṣẹ́ tí mi ò ní, àti olùkọ́ tó ń kọ́ni ní irú rẹ̀ ní Salzburg. Ọ̀rọ̀ bíi "láti kékeré ló ti wù mí" kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ti ọ̀rẹ́ mi kan. Fisheries ló kà, orí rẹ̀ pé, ó lọ bá ajẹ́ǹtì kan níbí. Ajẹ́ǹtì ní, "Àbúrò, ètò yìí nílò ẹni tó mọ ọ̀nà." Ọ̀rẹ́ mi béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó fọ́ọ̀mù lẹ ń sọ ni?" Ajẹ́ǹtì ní rárá, owó iṣẹ́ àwọn ni. Ó san án. Ìgbà tí lẹ́tà dé, ó gbé e wá bá mi, a jọ kà á. Ìpínrọ̀ kejì ń sọ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́tà ẹlòmíràn ni wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Ó sunkún, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀.

Ká má tan ara wa, ajẹ́ǹtì tó mọṣẹ́ wà, wọ́n sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí owó wọn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń san kọmíṣọ̀n fún ajẹ́ǹtì lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sanwó wọlé. Sikọ́láṣíìpù Erasmus Mundus kò ní irú kọmíṣọ̀n bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá jókòó sí ọ́fíìsì wọn tí wọn ò dárúkọ rẹ̀ fún yín rárá, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu.

Lẹ́tà olùjẹ́rìí náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ètò máa ń fẹ́ méjì, wọ́n sì fẹ́ràn kó wá láti íméèlì yunifásítì. Àwọn olùkọ́ wa púpọ̀, Gmail tàbí Yahoo ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí ti iléèwé. Ẹ má lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kù kí wọ́n tì í. Ẹ mú lẹ́tà yín àti CV yín dání lọ kí wọ́n lè rí nǹkan kọ nípa yín. Europass tí Yúróòpù fúnra wọn gbé kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ dára fún CV. Ní ti ìwé ẹ̀rí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan máa ń gba lẹ́tà láti yunifásítì pé Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ wa, àwọn kan á ní àfi IELTS tàbí TOEFL. Ẹ ka ojú ìwé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ kí ẹ tó náwó sí ìdánwò, nítorí ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ fi ń wúlò.

Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n lè fún yín ní àyè pẹ̀lú sikọ́láṣíìpù. Wọ́n lè kọ orúkọ yín sí ara àwọn tó ń dúró, kí ẹnì kan tó wà lókè yín kọ̀ ọ́ kó tó kàn yín, ó sì ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n sì lè gbà yín pé kí ẹ fi owó ara yín kàwé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo mọ ilé tí wọ́n ti pe àwọn ará ìjọ wá dúpẹ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé owó ilé-ìwé tó wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò ni.

Wàyí o, ibi tí ètò yìí ti ń ni èèyàn lára. €1,400 yẹn, wọ́n ń retí kó gbọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, físà àti owó ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí èèyàn bá ti débẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ sábà máa ń wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì ń kọ́? Ìrìn Àbújá nítorí físà ń kọ́? Owó ilé tí wọ́n ń gbà ṣáájú ń kọ́? Màmá mi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Wọ́n bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ kí wọ́n gbé owó fún àwọn ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì yá èyí tó kù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iléeṣẹ́ wọn. Mo fi owó oṣù mi níbẹ̀ san án padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò ní irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn lè gba sikọ́láṣíìpù kó má rí owó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo gbà pé àléébù ńlá nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó yẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Kíkó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì náà ń rẹni. Bí ara bá ti ń mọlé ní Salzburg ni èèyàn á tún bẹ̀rẹ̀ ilé wíwá, báǹkì, ìwé ìgbélùú àti èdè tuntun. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta búrẹ́dì ò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ti òtútù ò ṣe é fẹnu sọ.

Bí mo bá fi í wé àwọn yòókù, ibi tó ti dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ Erasmus Mundus kò béèrè ìrírí iṣẹ́. Sikọ́láṣíìpù Chevening ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ìyẹn wákàtí 2,800, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Sikọ́láṣíìpù EPOS ti DAAD, àjọ tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sikọ́láṣíìpù ní Jámánì, náà ń fẹ́ ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ lọ Jámánì, tó gbọ́ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ilé-ìwé, òótọ́ ni, àmọ́ àkáǹtì tí wọ́n ń ti owó mọ́ (blocked account) nítorí físà ń fẹ́ €11,904 fún ọdún kan. Ti Amẹ́ríkà, EducationUSA wà ní Èkó àti Àbújá, ìmọ̀ràn wọn kò gbowó. Fún ẹni tó ń wá PhD lórí ojú ọjọ́, kó má tíì kúrò ní Àkúrẹ́: ètò WASCAL, tó ń ṣe ìwádìí ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Jámánì ń ràn lọ́wọ́, wà ní FUTA, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà míì ló ń wá síbẹ̀ wá kàwé.

Àwọn tó ń béèrè nípa ìpàdé àgbáyé fún akẹ́kọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ẹni tó ń sanwó. Bí wọ́n bá ní wọ́n yàn yín lójijì, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ san owó ìforúkọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì àti hòtẹ́ẹ̀lì tún jẹ́ tiyín, ọjà ni wọ́n ń tà. Lẹ́tà ìpè wọn kò sì túmọ̀ sí pé ẹ máa rí físà gbà.

Ní ti NYSC, mo sìn kí n tó lọ, ọdún yẹn náà ni mo fi kọ lẹ́tà mi lákọtúnkọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní 400 level báyìí, SIWES tí ẹ ń lọ yẹn, ẹ yan ibi tí ẹ ti máa rí iṣẹ́ gidi ṣe, nítorí òun ni ìrírí tí ẹ máa kọ. Ẹ ṣe pásípọ́ọ̀tù kí Oṣù Kẹwàá tó dé. Lẹ́yìn àṣekágbá, transcript ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún; lẹ́tà wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè kọ ọ́ lóru, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló máa fọwọ́ sí ìyẹn.